Obì Tí Kòkòrò Jẹ, Wúùlù Tí Mo Rẹ

Sátidé tó kọjá, èmi àti màmá mi jókòó lẹ́yìn ilé wa ní Ṣágámù, à ń ṣa obì. Gbàǹja ni. Wọ́n ti bó o, wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó wà nínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ewé gbòdògì tẹ́. Iṣẹ́ tó kù ni ká yọ èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò lára èyí tó dára, torí bí oníbàárà bá rí ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta tí ihò wà lára rẹ̀, owó gbogbo apẹ̀rẹ̀ ló máa já. Ọwọ́ màmá mi yá ju tèmi lọ fíìfíì. Wọn kì í wo obì lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì ti mọ̀. Èyí lọ sọ́tùn-ún, èyí lọ sósì. Àwọn ti òsì ni mò ń dúró dè.

Ààtàn ni wọ́n ń dà wọ́n sí tẹ́lẹ̀. Láti bí ọdún méjì báyìí, èmi ni mo ni wọ́n. Mo fi ń rẹ wúùlù.

Àwọn tó ra fìlà àti súwẹ́tà ọmọ tuntun lọ́wọ́ mi máa ń bi mí pé níbo ni mo ti rí àwọ̀ yẹn, torí kò jọ èyí tó wà lọ́jà. Mo ti ń fi ẹnu ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yá kí n kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú ibi tí mo ti ṣì í.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ wúùlù tí mò ń sọ. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń dirun o. Orúkọ ni wọ́n jọ ń jẹ́. Èyí tí mò ń sọ yìí, irun àgùntàn ni, wọ́n rẹ́ ẹ lára ẹran, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n ran án di òwú. Àgùntàn tiwa níbí kò ní i. Ẹ wo èyí tó ń jẹko lẹ́yìn ilé yín dáadáa: irun kúkúrú ló bò ó, bíi ti ewúrẹ́. Irú àgùntàn mìíràn, tí wọ́n ń sìn lókè òkun, ló ń wu irun tó nípọn tó ká kọ́rọ́kọ́rọ́, tó ṣeé ran bí òwú. Nítorí náà, òkè òkun ni òwú tèmi ti ń wá. Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Bradford, ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí wúùlù láyé àtijọ́. Bí ẹnì kan bá ń bọ̀ nílé, á fi ìdì mẹ́rin tàbí márùn-ún há a lọ́wọ́, gíráàmù 100 ni ìdì kọ̀ọ̀kan, funfun ràkọ̀ tí wọn ò tíì rẹ rárá.

Kí n tó mọ ìyẹn, mo ti jìyà. Ọjà ni mo ti ra "wúùlù" mi àkọ́kọ́, bọ́ọ̀lù mẹ́fà, funfun báláú. Ẹni tó tà á fún mi fi ẹ̀mí rẹ̀ búra pé ojúlówó ni. Mo sè é pẹ̀lú èèpo àlùbọ́sà fún wákàtí méjì gbáko. Omi inú ìkòkò pupa bí ẹ̀jẹ̀ ẹran, inú mi ń dùn. Nígbà tí mo wá ṣan òwú náà, àwọ̀ bá omi lọ. Bọ́ọ̀lù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà funfun bí ọjọ́ tí mo rà wọ́n. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní parọ́.

Ìyá tó kọ́ mi ní híhun ló wá ṣí mi lójú. Wọ́n já òwú náà bí ìka kan, wọ́n ṣáná sí i. Ó yọ́ bí ọ̀rá, ó ń kán, nígbà tó tutù ó di kóro dúdú tó le bí òkúta, òórùn ike ló sì ń rùn. Wọ́n ní, "Ike ni wọ́n ran fún ẹ, ọmọ mi. Ike kì í mu omi ewé." Wọ́n wá mú òwú kan láti inú àpótí tiwọn, ti ayé ọjọ́un, wọ́n ṣáná sí i náà. Òórùn irun tó ń jóná gba inú yàrá. Bí wọ́n ṣe gbé iná kúrò, ó kú fúnra rẹ̀. Wọ́n fi ìka méjì rún ibi tó jóná, ó di lẹ́búlẹ́bú. Láti ọjọ́ náà, mi ò ra òwú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìfi iná dán an wò, ì báà jẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi.

Wúùlù nílò ohun tó máa di àwọ̀ mú fún un. Álọ́ọ̀mù ni mò ń lò, èyí tí àwọn ènìyàn fi ń tòrò omi. Gíráàmù 12 ni fún gíráàmù 100 òwú gbígbẹ. Mo máa ń rẹ òwú sínú omi lásán fún wákàtí kan, kí ó mu omi dé inú, kí n tó gbé e sínú omi álọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn náà ni iná.

Ọ̀rọ̀ iná yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí ju gbogbo rẹ̀ lọ, torí òun ló ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Ẹni tó bá ti rẹ òwú ilé rí, ti òwú gbọ̀gbọ̀lọ̀ tó ń so lórí igi, ó mọ̀ pé èèyàn lè sè é kí ó hó yàà, kí ó rò ó, kí ó fi igi gún un, kí ó bọ́ sínú omi tútù, kò sí ohun tó máa ṣe é. Wúùlù kò gba ìyẹn. Irun wúùlù kọ̀ọ̀kan ní ìpẹ́ lára bíi ti ẹja, ó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Bí omi bá gbóná tí a sì ń rò ó, ìpẹ́ wọ̀nyẹn á ṣí, wọ́n á há mọ́ra wọn, wọn ò sì ní tú mọ́ láé. Òwú á sún kì, á gan, á dì pọ̀ bí fìlà tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bákan náà ni bí a bá yọ ọ́ nínú omi gbígbóná tí a jù ú sínú omi tútù lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdì méjì ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn, wọ́n sì wà nílé títí di òní, mo fi ń di ìkòkò gbígbóná mú.

Báyìí, iná tí mò ń lò kì í ju ti ẹni tó ń yan ẹ̀pà lọ. Omi á gbóná títí èéfín á máa rú lójú rẹ̀, tí ìhó kéékèèké á máa yọ létí ìkòkò, àmọ́ kò gbọdọ̀ hó. Mo ra ohun tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná. Láàárín 80 sí 85 lórí ìwọ̀n Sẹ́lṣíọ̀sì ni mò ń fi í sí, fún wákàtí kan. Mi ò ní rò ó. Igi ni mo fi ń tì í wọ inú omi jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fọwọ́ tẹ́ ọmọ sùn. Bí wákàtí bá pé, mo pa iná, mo fi í sílẹ̀ nínú ìkòkò di ọjọ́ kejì kí òun àti omi jọ tutù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìkòkò tánganran ni mo yà sọ́tọ̀ fún un, mi ò fi se oúnjẹ, mi ò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ sún mọ́ álọ́ọ̀mù. Omi òjò ni mò ń lò. Ilẹ̀ Ṣágámù kún fún òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì, omi kànga wa ń gbé nǹkan lára òkúta yẹn, mo sì ti rí i pé àwọ̀ tí mo bá fi omi kànga sè máa ń ṣú jù ti omi òjò lọ.

Èèpo àlùbọ́sà ni mo sọ pé kí ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ lò, torí kì í já ni kulẹ̀. Sabo ni mo ti ń kó o. Àwọn Hausa tó ń ta àlùbọ́sà níbẹ̀ kàn ń gbá èèpo náà jọ láti sun ún ni. Bàbá kan ti mọ̀ mí, bí wọ́n bá ti rí mi lókèèrè, wọ́n á ní, "Màmá, ẹrù yín ti wà nílẹ̀," wọ́n á gbé àpò kan fún mi. Mo máa ń ra kóńgò àlùbọ́sà kan lọ́wọ́ wọn kí ojú má bàa tì mí. Bí èèpo bá tó ìwọ̀n òwú, ìdì àkọ́kọ́ á mú àwọ̀ epo pupa tuntun. Ẹ má da omi náà nù. Ìdì kejì tí a bá tì bọ̀ ọ́ á pọ́n bí ìyeyè.

Àtalẹ̀ pupa ń mú àwọ̀ tó dùn ún wò ju ìyẹn lọ, àmọ́ oòrùn ń jẹ ẹ́. Sóbò náà rẹwà lójú, ìgbà tí ọṣẹ bá kàn án ó di eérú. Mi ò fi wọ́n hun nǹkan fún ọmọ ẹlòmíràn mọ́.

Obì ni tèmi.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo ìka màmá mi kí ó tó sọ sí mi lọ́kàn. Láti kékeré mi ni ìka wọn ti rí bẹ́ẹ̀, orí ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, èékánná wọn dà bí ti ẹni tó lé làálì tó ń ṣí. Ọṣẹ kì í bó o. Kànhìnkànhìn kì í bó o. Gbogbo ẹni tó ń bó obì ní Rẹ́mọ ló ní ọwọ́ yẹn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ń bá mi di irun, mo kàn rí ọwọ́ wọn nínú dígí, mo ní lọ́kàn mi pé: èyí tó mú awọ ẹran ara tí kò ṣí láti 50 ọdún yìí, kí ló dé tí kò ní mú irun àgùntàn?

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Mo máa gé obì tí kòkòrò jẹ sí wẹ́wẹ́, màá gbọn kòkòrò inú rẹ̀ dànù, màá wá gún un nínú odó kékeré. Gíráàmù 300 obì tútù ni mò ń lò fún ìdì kan. Bí ọmọ odó bá kọ́kọ́ bà á, funfun ni inú rẹ̀, tàbí pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ dúró díẹ̀. Bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ sí i, ẹ máa rí i tí etí rẹ̀ ń pọ́n, tí pípọ́n náà ń wọlé lọ sí àárín, títí gbogbo rẹ̀ á fi dà bí bíríkì tí a rún. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gé obì jẹ tó gbàgbé ààbọ̀ rẹ̀ sórí tábìlì ti rí i rí. Ohun tó wà nínú obì tó ń mú kí ó korò, tó ń fún ahọ́n pọ̀, òun náà ló ń pọ́n, òun náà ló sì ń di irun mú. Òun ló wà nínú tíì tó ń mú ife funfun tí kò ṣí.

Màá da omi òjò lé e, yóò sùn mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì màá sè é fún wákàtí kan, màá sẹ́ ẹ mọ́ aṣọ, torí bí ìpàǹtí bá há sínú òwú, ọjọ́ mẹ́ta kò ní tó láti ṣa á. Nígbà tí omi náà bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni màá tó ti òwú bọ̀ ọ́, iná díẹ̀díẹ̀ bí mo ṣe wí, wákàtí kan, kí ó sì sùn nínú omi.

Mo rò tẹ́lẹ̀ pé obì pupa máa ń rẹ òwú pupa, obì funfun á sì rẹ ẹ́ sí nǹkan mìíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ya wọ́n sọ́tọ̀, mo fi ìkòkò méjì sè wọ́n lọ́jọ́ kan náà, wọ́n bọ́ sójú kan náà.

Ojú wo ni? Nígbà tí mo kọ́kọ́ yọ òwú kan nínú ìkòkò lówùúrọ̀, mo gbé e dání lójú oòrùn, omi ń kán lórí ẹsẹ̀ mi. Kì í ṣe pupa, kì í ṣe àwọ̀ ilẹ̀. Ibi tí òwú ti pọ́ mọ́ra ṣókùnkùn díẹ̀, ibi tó ti tú ń dán bí oyin ìgàn. Mo so ó mọ́ okùn kí ó gbẹ, mo lọ síbi iṣẹ́. Ìgbà tí mo dé, màmá mi ló dúró tì í, wọ́n ń fi ìka kan fọwọ́ rà á.

Wọ́n ní, "Níbo lo ti rí owó ra sányán?"

Mo ní, "Kì í ṣe sányán, mà. Obì yín ni."

Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n mú etí òwú náà, wọ́n gbé ọwọ́ ara wọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ojú kan náà ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn pẹ́ lẹ́nu wọn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó sọ fún mi pé ìyá àwọn náà a máa fi omi obì rẹ òwú nígbà kan, tí owó sányán bá ti wọ́n jù. Sányán ojúlówó, inú ilé kòkòrò inú igbó ni òwú rẹ̀ ti ń wá, kò sì fìgbà kankan pọ̀. Mo ti ń bá màmá mi gbé láti 46 ọdún, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

Bí mo bá fẹ́ kí ó ṣú ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo ní ìgò kan tí mo kó ìṣó tó ti dípẹtà sí, pẹ̀lú omi àti oje ọsàn wẹ́wẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi wà nílẹ̀ kí n tó lò ó. Ṣíbí kan péré nínú ìkòkò obì, láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún òwú á ti ṣú bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Bí irin bá pọ̀ jù, òwú á gbẹ, á máa já. Ẹ fi ṣíbí mọ.

Ẹ máa bi mí léèrè aró. Gbogbo ènìyàn ló ń bi mí, torí bí a bá ti ní rírẹ, aró ló ń wá síni lọ́kàn. Mo gbé ìdì kan lọ bá aláró kan tó ṣì ń fi èlú ṣe é bí ti àtijọ́. A tì í bọ ìkòkò bí wọ́n ṣe ń ti aṣọ bọ̀ ọ́, ó pẹ́ níbẹ̀, a yọ ọ́, a tún tì í bọ̀ ọ́. Ewéko tútù ló bá jáde, afẹ́fẹ́ kàn án, ó ń yí padà lójú wa títí ó fi di aró. Mo yọ̀. Ọjọ́ tí mo fẹ́ fi hun nǹkan ni mo mọ̀ pé kò dáa: òwú náà le, ó ń já bí koríko gbígbẹ. Omi eérú tó ń mú kí èlú yọ́ ló jẹ ẹ́. Òwú gbọ̀gbọ̀lọ̀ lè gbà á, àmọ́ irun kò lè gbà á. Nítorí èyí náà ni mi ò ṣe ń fi ọṣẹ dúdú fọ wúùlù.

Mo padà lọ bá ìyá aláró náà. Wọn ò bínú. Wọ́n ronú sí i, wọ́n wá mú mi lọ sídìí ìkòkò tí wọ́n ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, tí agbára rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Wọ́n ní ìyẹn kò mú bíi ti tuntun. Ìṣẹ́jú mẹ́ta la fi tì í bọ̀ ọ́, a yọ ọ́, a jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, a tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, ó parí. Nílé mo fi omi tí mo kán ọsàn wẹ́wẹ́ sí ṣan án. Ayìnrín tó jáde kò jinlẹ̀, àmọ́ òwú náà rọ̀ bíi ti àkọ́kọ́. Màá tún lọ lẹ́yìn òjò.

Osùn náà, mo ti dán an wò. Ìyẹ̀fun rẹ̀ kì í fẹ́ yọ́ nínú omi, ó gba sùúrù, mo sì ń sè é ju obì lọ. Pupa tó ń mú kì í tàn, ó wo bí ìpẹtà irin. Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kà nípa rẹ̀ ni pé àwọn Òyìnbó ti mọ̀ ọ́n mọ wúùlù kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó igi osùn láti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà lọ sí ilẹ̀ wọn, wọ́n ń fi rẹ aṣọ onírun àgùntàn, kí àwọn àwọ̀ tí wọ́n ń ṣe nínú ilé iṣẹ́ tó dé lẹ́yìn ọdún 1856 tó gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Igi wa ti lọ bá òwú wọn nígbà yẹn. Òwú wọn ló wá bá obì wa nísinsìnyí.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìjẹ̀bú Òde ní kí n jẹ́ kí wọ́n fi òwú obì hun nǹkan lórí òfì, bí ìborùn. Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ pé ká fi hun ìtagbẹ́ o, olóyè ló ni ìyẹn. Ìborùn lásán tí ìyá arúgbó lè fi bo èjìká nígbà ọyẹ́. Mo ti ní ìdì mẹ́ta nílẹ̀ fún un, ó ku márùn-ún. Mo sì ti gé òwú obì kan sí méjì, mo so ìdajì mọ́ ojú fèrèsé láti oṣù kẹfà, mo tọ́jú ìdajì kejì sínú àpótí. Mo ń kó wọn pọ̀ wò lóṣooṣù. Títí di àárọ̀ yìí, ẹni tí kò bá mọ̀ kò ní lè ya wọ́n.

Mo ń kọ èyí lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Màmá mi ni. Wọn ò kí mi, wọ́n kàn ní, "Obì rẹ ti kún ike o. Tètè wá gbé e kí ó tó hu."